Mo Ní Gbànja Kì í Ṣe Oúnjẹ

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi pé kí n má jẹ, kí n má mu, títí wọn yóò fi ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi. Mo gbọ́ ọ kedere. Àmọ́ bí ilẹ̀ ṣe mọ́, ẹ̀rù abẹ kò jẹ́ kí ọwọ́ mi dúró sójú kan. Mo bá jókòó ti apẹ̀rẹ̀ gbànja tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jọ ń tà ní Mákun, mo ń ṣà á, mo ń jẹ ẹ́. Nílé wa, ta ló ń ka obì sí oúnjẹ? Ẹ sì mọ bí omi ṣe ń dùn lẹ́yìn obì. Mo mu kọ́ọ̀bù kan, mo tún bu òmíràn.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, tí nọ́ọ̀sì bi mí bóyá mo ti jẹun, mo ní, "Mi ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu."

Wọ́n fún mi lábẹ́rẹ́ oorun. Ìgbà tí mo jí, ikọ́ ń gbé mi ṣánlẹ̀, àyà mi ń dún bíi kẹ̀kẹ́ tí kò rí epo, rọ́bà ọ́síjìn sì wà nímú mi. Ládùúgbò wa, ẹni tí wọ́n bá fi ọ́síjìn sí nímú, àwọn ará ilé rẹ̀ á ti máa pe ara wọn lórí fóònù. Mo jókòó, mo dùbúlẹ̀, mo tún dìde. Mo ń ṣọ́ àgbá ọ́síjìn yẹn bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Dókítà, obìnrin kan tí mo lè bí lọ́mọ, mú fọ́tò àyà mi wá. Ó ní mo bì lójú oorun, omi inú ikùn mi sì ya wọ ẹ̀dọ̀fóró.

"Omi yẹn kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, Bàbá. Ó jó inú ẹ̀dọ̀fóró yín bí omi gbígbóná ṣe ń jó ara. Ibẹ̀ ti wú, omi ń sun síbẹ̀, òun ni ẹ ò ṣe rí èémí fà dáadáa."

"Ẹ fún mi lábẹ́rẹ́... tó ń pa kòkòrò."

"Kò tíì sí kòkòrò níbẹ̀. Tó bá wọlé, a máa fún yín. Ara yín ló máa tún ibẹ̀ ṣe, ọ́síjìn yìí á máa gbè é lẹ́yìn. Àmọ́ tí ègé nǹkan bá há síbẹ̀, a gbọ́dọ̀ yọ ọ́. Kí lẹ jẹ?"

"Mi ò jẹ... nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó jókòó ti ibùsùn, pòṣé. "Ya ẹnu rẹ, kí dókítà rí eyín tó pọ́n bí ilẹ̀ Símáwà!"

Mo jẹ́wọ́. Dókítà gbé ẹ̀rọ etí rẹ̀ lé àyà mi, ó gbé e lé ẹ̀yìn mi, ó ní afẹ́fẹ́ ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, ká ṣì máa wò ó. Wíwò yẹn ló fẹ́ pa mí. Nínú ọkàn mi, mo ti pín rédíò mi, mo ti pín bàtà mi.

Ọjọ́ tí wọ́n wá yọ rọ́bà náà, ẹ̀rù bà mí ju ọjọ́ tí wọ́n fi í sí lọ. Mo ní kí wọ́n dá a padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé, ó ní òun ti ta apẹ̀rẹ̀ gbànja ńlá mi.

"Ta ló ní kí ẹ fọwọ́ kàn án? Ṣé ẹ ò rí i pé mo ti ṣà á tán, mo fi ewé bò ó, mo ń dúró de oníbàárà mi láti Ìlárá?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù mi.

"Látìgbà tí o ti wà níbí, o ò lè sọ ọ̀rọ̀ méjì kí o má mí hẹlẹ," ló wí. "O wá bú mi látòkè délẹ̀ báyìí, o ò sinmi. Ẹ̀dọ̀fóró rẹ ti san. Wọ bàtà rẹ."