Áàtì Bọ̀dá Wálé Wà Lójú Fèrèsé Mi

Lónìí, kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù mi láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tún un ṣe. Aago mẹ́rin ni olórí akọrin fẹ́ wá gbé e, torí ọ̀la ni ìsìn. Mo tàn án lórí tábìlì onírin mi, ó dún dáadáa. Lójijì ló ké "gbrrr!", ó sì kú.

Mo jáde. Bọ̀dá Wálé, wẹ́dà tá a jọ wà ní Sapele Road, ń jó géètì. Áàtì rẹ̀, ìyẹn wáyà "ilẹ̀" tí iná ń gbà padà sínú ẹ̀rọ, kò sí lára géètì. Irin ojú fèrèsé mi ló há a mọ́, irin tí tábìlì onírin mi fara tì nínú ilé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ há áàtì yín mọ́ géètì yín. Iná yín ń gba orí tábìlì mi kọjá."

"Ìwọ ọmọ pólì! Ṣebí ilẹ̀ ni áàtì? Ilẹ̀ Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń tẹ̀."

"Ti Ọlọ́run kọ́ ló wà lójú fèrèsé mi, sà. Tiyín ni."

"Ṣé irin ẹ gbóná ni?"

"Rárá, sà."

"Kí ló wá ń jó ẹ?"

Mo wọlé, mo fa tábìlì mi kúrò lára irin. Ó ti pẹ́ jù.

Màmá olórí akọrin dé. Mo ṣàlàyé fún wọn. Màmá wo kíbọ́ọ̀dù, wọ́n wo èmi àti Bọ̀dá Wálé, wọ́n ní: "Ẹni tó bá dalẹ̀, á bá ilẹ̀ lọ."

Mi ò tíì mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí.

Ẹ̀yin tí wẹ́dà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ibo ni ilẹ̀ tiwọn wà?