Ìgbà Tí Mo Wọn Iná Tí Tẹlifíṣọ̀n Wa Ń Jẹ

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, tí kálukú ń ti Èkó gbé ẹ̀rọ wálé sí Òmù-Àrán, èmi ti ní tẹlifíṣọ̀n ṣáájú wọn. Dúdú-àti-funfun ni, nínú àpótí igi. Ìgò kéékèèké mọ́kànlá ló wà lẹ́yìn rẹ̀ tó máa ń pọ́n bí ẹ̀yinná. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń tú u, mo ń tò ó, títí mo fi mọ iṣẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá mi á jókòó sí pálọ̀ mi, wọn á máa sọ fún àlejò pé, "Ọmọ mi ló ni ín."

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, àbúrò kan ládùúgbò, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, gbé tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ mèremère dé. Ní ọjọ́ kẹta, bàbá mi gbé àga wọn kọjá títì lọ síbẹ̀. Àga tí mo rà fún wọn!

"Bàbá, ṣé tèmi ò dára mọ́ ni?"

"Ó dára. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, mo ń rí i pé ewé tutù."

Ó dùn mí wọ eegun. Nígbà náà, iná ìjọba kì í lágbára ní ìrọ̀lẹ́. Àwòrán tẹlifíṣọ̀n á súnkì láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ kiri pé ẹ̀rọ àbúrò yìí ló ń fa iná gbogbo wa mu. Ohun tó ń yọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀, báwo ni kò ṣe ní jẹun púpọ̀? Mo gbà á gbọ́, nítorí mo fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà sú bàbá mi. "Ìwọ tó o mọ̀ ọ́n, lọ wọ̀n ọ́n. Kọ iye rẹ̀, kó o lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń jẹ iná jù ni ká máa pa bí iná bá ti rẹlẹ̀."

Inú mi dùn. Mo ní kí àbúrò náà pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná nílé rẹ̀, àfi tẹlifíṣọ̀n. Àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń yí nínú mítà, ó ní àmì pupa létí. Bó bá yí ní ẹgbẹ̀ta ìgbà, iná yúnìtì kan tí à ń sanwó rẹ̀ ti lọ. Mo wo aago mi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbàgbé láti mí o," ni àbúrò náà wí.

Ó yí lẹ́ẹ̀mẹjọ. Mo tún un kà: ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ni. Wáàtì ọgọ́rin.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá sí ọ̀dọ̀ mi, mo sì pa gbogbo nǹkan yòókù. Bàbá mi ló ń kà á sókè. Mẹ́jọ kọjá, ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló tíì lọ. Nígbà tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pé, wọ́n ní, "Mẹ́rìndínlógún!"

Wáàtì ọgọ́jọ. Ooru tí mo máa ń fọwọ́ gbà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo ń pè ní agbára, iná ló ń ṣòfò. Mo fẹ́ sọ pé aago mi ló dúró, ṣùgbọ́n iye náà ti jáde lẹ́nu bàbá mi.

"Kọ ọ́," ni wọ́n wí.

Mo kọ tèmi. Mo kọ ti àbúrò náà pẹ̀lú, kékeré bíńtín, sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tí ojú ò dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, iná rẹlẹ̀. Mo dìde, mo pa tèmi. Bí mo ti pa á, àwòrán tiwọn fẹ̀ sí i, ariwo sì sọ lódìkejì títì. Ohùn bàbá mi ló ròkè jù: "Ó ti pa á! Ẹ wò ó, ó ti mọ́lẹ̀!"