Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Níwájú Ìyá Ọkọ

Ẹni tí kò bá gbé oògùn yẹn mì rí kò lè mọ ohun tí mò ń wí. Hóró funfun kékeré ni, ó korò bíi jogbo. Ẹfẹ́dírìn ni ọkùnrin tó ń pín oògùn ní dìsípẹ́ńsárì Kàbà pè é, nígbà tí ikọ́ sémìísémìí fẹ́ pa mí ní ọdún mélòó kan ṣáájú òmìnira. Ó ṣàlàyé pé bí ejò bá yọ síni lójú ọ̀nà oko, nǹkan kan wà tí ara fúnra rẹ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ kí èèyàn lè rí èémí sá. Oògùn náà jọ ọ́. Ó ń ṣí ọ̀nà èémí sílẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ nìkan ló ń dé: ọkàn á máa sáré, ọwọ́ á máa gbọ̀n, ẹnu á gbẹ, oorun á sá lọ. Mo ní ṣé kò sí èyí tó lè mú àyà nìkan kó fi ìyókù mi sílẹ̀. Ó ní kò sí lọ́dọ̀ òun.

Olùkọ́ kan ní Ìyàrà fẹ́ fẹ́ mi, èmi náà sì fẹ́ ẹ dénú. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà, ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ikọ́ létí àwọn ẹbí olùkọ́ náà. Ìdílé kan ti torí rẹ̀ kọ̀ mí rí, wọ́n ní ta ló máa fẹ́ná fún ọmọ àwọn.

Àfi bí wọ́n ṣe dáná sun igbó láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá olùkọ́ náà ń bọ̀ wá wò mí. Nínú ọyẹ́! Èéfín wọlé, àyà mi dí. Mo gbé hóró kan mì, ṣùgbọ́n sùúrù kò sí lára mi, mo tún gbé ìkejì mì kí àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́. Èémí dé lóòótọ́, wàhálà sì bá a dé. N kò lè jókòó. Mo tún ilé tí wọ́n ti gbá gbá, mo jáde, mo wọlé, mo tún jáde. Mo ronú kan olùkọ́ mi, àyà mi ń lù kìkì, n kò mọ èyí tó jẹ́ ti oògùn, n kò mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Inú bí mi.

Wọ́n dé, wọ́n kí wa ní "Okun", a kí wọn padà. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé igbá omi fún ìyá náà. Kó tó gbà á, omi ti dà sí i lára, aṣọ òfì rẹ̀ rin gbingbin. Àbúrò bàbá mi sáré sọ pé ojú ló ń tì mí, pé ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ni mí. Àwọn tó bá ìyá náà wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ń yìn mí. Ìyá náà kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó wá dìde. Ó ní òun mọ ẹ̀rù tó wà lára mi yìí, nítorí fífà ni wọ́n fa òun náà lọ sílé ọkọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni òun ń gbọ̀n.

"N kò ní fẹ́ ọmọ tí wọ́n fipá mú fún ọmọ mi," ló sọ fún àbúrò bàbá mi. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ."

Áà! Irọ́ tí wọ́n fi bo ikọ́ ló wá fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi. Àbúrò bàbá mi ń ṣẹ́jú sí mi pé kí n dákẹ́. Ta ló máa dákẹ́?

"Ìyá, wọn kò fipá mú mi. Ikọ́ sémìísémìí ló ń ṣe mí, oògùn rẹ̀ ló ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n. Ọmọ yín wù mí."

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í jáde lẹ́nu ọmọbìnrin nígbà náà. Àbúrò bàbá mi fi ìborùn bojú. Ìyá náà bi mí bóyá ikọ́ náà máa ń lọ. Mo ní ó ń lọ, ó ń bọ̀, èéfín kì í sì í bá a ṣeré. Ó padà jókòó, ó ń fún omi kúrò létí aṣọ rẹ̀.

"Lọ bu omi mìíràn wá," ó ní. "Aṣọ mi ló mu ti àkọ́kọ́."