Òkú Olókùú Lábẹ́ Ìrọ̀rí Mi

Òórùn ṣingọ́ọ̀mù tó ti gbó, àti ti kàfúrà, ló kọ́kọ́ kan imú mi ní àárọ̀ Sátidé kan nínú ọyẹ́, ní agboolé wa ní Ilàrè. Bàbá mi, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé dídì, fífi awọ bo ẹ̀yìn ìwé, ní yunifásítì, gbé páálí kan kalẹ̀. Olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Amẹ́ríkà dé ló kó o fún un. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú ìwé àti bàtà. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, mú káàdì márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Àwọn ọkùnrin tó gbá bésíbọ́ọ̀lù, eré bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi igi gbá, láyé àtijọ́ ló wà lára wọn, àwòrán tí a fi ọwọ́ yà, tí ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. Gbajúmọ̀ kò sí nínú wọn. Púpọ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí wọn kò gbà láyè láti bá aláwọ̀ funfun díje. Ọmọ olùkọ́ náà ní tirẹ̀, àwọn olókìkí ló sì fẹ́ràn. Góbà ẹ̀yìnkùlé wa ni mo fi ń gba àwọn tí kò kà sí. Bàbá mi a rẹ́rìn-ín, a ní, "Igi tí a fojú rénà ní í gún ni lójú." N kò mọ òfin eré náà, n kò sì mọ̀ ọ́n títí di òní, ṣùgbọ́n nígbà tí káàdì mi di mẹ́rìnlá, mo mọ gbogbo wọn lórúkọ.

Bí ọyẹ́ ti ń lọ, ibà gbé mi dálẹ̀. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, wá gbọn ibùsùn mi, ó sì bá àwọn káàdì náà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Àwọn wo rèé, tí wọ́n na kùmọ̀ sókè? Ṣé jàǹdùkú ni wọ́n?"

"Agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n, Ìyá àgbà. Igi yẹn ni wọ́n fi ń gbá a."

"Wọ́n ṣì wà láyé?"

Ìgbéraga ìmọ̀wé kò jẹ́ kí n panu mọ́. Mo yí káàdì padà, mo ń ka ọdún ìbí àti ọdún ikú wọn fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí nílé wa. Àwòrán tó bá ní ọdún ìbí àti ọdún ikú, kálẹ́ńdà ìsìnkú ni. Ògiri ilé àwọn ọmọ olóògbé ni ààyè rẹ̀. Ojú Ìyá àgbà yí padà.

"Òkú olókùú lo gbé orí lé, Àṣàkẹ́, a wá ń wá ohun tó ń ṣe ọ́ kiri."

Ó kó wọn, ó kọrí sí ìdí àdìrò. Láìpẹ́, èéfín wọlé wá bá mi. N kò lè dìde. Ọjọ́ méjì ni mo fi dojú kọ ògiri, tí n kò bèèrè nítorí ẹ̀rù èsì.

Ní ọjọ́ kẹta, ara mi fúyẹ́. Bàbá mi ló bá mi bèèrè: "Màámi, àwòrán ọmọ yìí ńkọ́?"

Ìyá àgbà tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Mẹ́rìnlá pé.

"Mo ti fẹ́ jù wọ́n síná," ni ó wí. "Ọ̀kan nínú àwọn dúdú yẹn ló ń wò mí. Ojú Àjàní àbúrò mi ló ní. Àjàní lọ sí Gáná, kò padà. A ò ní fọ́tò rẹ̀ kan. Tó bá ya fọ́tò lọ́hùn-ún, tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ṣé màá fẹ́ kí wọ́n dáná sun ún?" Ó kọjú sí mi. "Àmọ́ wọn ò gbọdọ̀ bá ọ sùn mọ́. Wá ilé fún wọn."

"Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, Màámi," ni bàbá mi wí. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ó fi àgékù awọ di ìwé kan tí wọn yóò máa gbé inú rẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jẹ ẹ̀kọ méjì.

Lónìí, mo ti di ẹni tí àwọn ọmọ ilé ń dọ̀bálẹ̀ kí, mo sì ti ka ìwé tó kún yàrá. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà mọ orúkọ àjèjì mẹ́rìnlá, kò sì mọ̀ pé Ìyá àgbà ní àbúrò. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ọmọ náà jókòó ti Ìyá àgbà, ó bi í léèrè bí Àjàní ti ga tó, oúnjẹ tó fẹ́ràn, ìdí tó fi lọ, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní ìkọ̀wé wíwọ́. Ara tù mí pé ọmọ yẹn kò dúró de èmi àgbà yìí. Nígbà tí èmi ìbá fi gbọ́n tó láti bèèrè, Ìyá àgbà ti lọ.