Igbá Tí Màámi Rẹ Sómi

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ọmọ ọmọ mi obìnrin gba ẹ̀yìnkùlé kan kọjá ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Bí a ṣe yọ síbẹ̀ ni òórùn igbá tó ń jẹrà nínú omi lù wá nímú. Ọmọ náà fi ìborùn bo imú. Èmi dúró, mo ń fà á símú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ tó ń ta sánsán. Ó wò mí títí, ó ní, "Màmá, ṣé kò sí nǹkan?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín.

Afíngbá ni bàbá mi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kó igbá wá láti oko. A ó là á sí méjì, a ó rẹ ẹ́ sómi títí inú rẹ̀ yóò fi jẹrà, a ó họ ọ́ nù, a ó sá a gbẹ, kí Bàbá tó fi ọ̀bẹ tínńtín fín ẹja àti aláǹgbá sí i lára. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni igbá ń gbó. Afíngbá tí kò bá rẹ igbá nígbà náà, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn kó tó ríṣẹ́ ṣe.

Mo wà ní púráímárì fáìfù nígbà tí ọ̀bẹ yọ, tó gún Bàbá ní àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún. Ó fi àkísà dì í, ó ní kò sí nǹkan kan. Alágídí ni, kí Ọlọ́run foríjì í. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọwọ́ ti wú dé ìgúnpá. Aládùúrà ni wá. Alàgbà ìjọ wa gbàdúrà sí omi, Bàbá mu ún, alàgbà yìí kan náà ló sì ní ká gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Ògbómọ̀ṣọ́ lójú ẹsẹ̀, pé Ọlọ́run tó gbọ́ àdúrà náà ló dá dókítà. Àbúrò Bàbá dúró tì í níbẹ̀. Nígbà tí Màámi padà dé, ó ní wọ́n sọ pé kò dájú pé ọwọ́ náà á ṣe é lò mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àgbẹ̀ tó ń kó igbá wá fún wa dé. Ó kẹ́dùn, ó ní òun á kó o lọ fún afíngbá mìíràn. Màámi ní, "Ẹ kó o sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀." Ó pọ̀ ju èyí tí Bàbá ń rà lọ́dọọdún lọ. Àlhájà, ìyá àgbà tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa, fi ìka sẹ́nu. Ó ní, "Ìyàwó wa, ta ni yóò fín in?"

Màámi kúnlẹ̀. "Ẹ ṣá bá mi ṣe àmín, Àlhájà."

Àlhájà ṣe àmín, ó wọlé, ó sì ti fèrèsé rẹ̀ pa.

Gbogbo agboolé rùn. Níléèwé, ọmọ onígbá jíjẹrà ni wọ́n ń pè mí. Èmi náà ni mò ń pààrọ̀ omi igbá láràárọ̀, inú mi kì í sì í dùn. Lọ́jọ́ kan mo bú sẹ́kún, mo bi Màámi léèrè ohun tí Àlhájà bi í. Kò jágbe mọ́ mi. Ó ní, "Ìwọ ṣá da omi nù. Ọlọ́run tí mò ń sìn ò ní jẹ́ kí n rẹ igbá yìí lásán." Mi ò gbà á gbọ́. Mo rò pé ìbànújẹ́ ti dà á lórí rú ni, ojú sì ń tì mí títí dòní pé mo rò bẹ́ẹ̀.

Igbá ti gbẹ, ó ti ga dé àjà, nígbà tí Bàbá dé. Wọ́n ti gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ìyókù ò lè di ọ̀bẹ mú. Ó jókòó, ó wo òkìtì igbá náà, ó sunkún. N kò rí i kó sunkún rí. Màámi gbé igbá kan lé e lẹ́sẹ̀, ó sì fi ọ̀bẹ sí i lọ́wọ́ òsì. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń gbá ọmọ tó bá fi òsì na nǹkan sí àgbà nílùú wa. Ọwọ́ yẹn náà ni.

Igbá àkọ́kọ́ fọ́. Ẹja tó fín sórí ìkejì dà bí bàtà. Màámi gbé òmíràn fún un. Èyí tí Bàbá bà jẹ́ pọ̀ débi pé inú rẹ̀ ni adìẹ ti ń jẹun, òun la fi ń wẹ̀. Àlhájà gba mẹ́ta, ó fi ń bu omi àlùwàlá. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ẹja kan jáde tó jẹ́ ẹja lóòótọ́.

Ọwọ́ òsì yẹn ló fi bọ́ wa, òun ló fi rán wa níléèwé. Bó bá ń gbé igbá fún oníbàárà, á ní, "Ẹ má bínú, òsì ni o," wọn á sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Lónìí, abọ́ ike ti gba gbogbo ilé, afíngbá ò sì pọ̀ mọ́ l'Ọ́yọ̀ọ́. Ọlọ́run Màámi kò yí padà ní tirẹ̀, mo ti dàgbà tó láti sọ ọ́ láìmikàn. Ká ní ìwọ̀nba igbá ni Màámi rà, ì bá ti tán kí ọwọ́ náà tó mọṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún ló ń bẹ Ọlọ́run fún ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọlọ́run sì ti ń to igbá sílẹ̀ de ọwọ́ òsì.