Àlá Tí Mo Fi Ṣe Ìdúpẹ́

Mo rántí ọjọ́ Ìsinmi tí mo gbé iṣu lé orí, tí mo jó dé iwájú pẹpẹ ní Ayétòrò, tí mo ń dúpẹ́ pé Ọlọ́run kò jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣàìsàn. Kò sí ẹni tó rán mi. Èmi fúnra mi ni mo gọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ìjọba ti bodè pa ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wa, ti lọ́kọ sí Kétu lódìkejì bodè láti ọjọ́ pípẹ́. Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní àdúrà, àwọn náà ló kọ́kọ́ sọ fún mi pé Ọlọ́run a máa bá ọmọ Rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àlá. Nígbà tí àìsàn dá wọn gúnlẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pé kí n tètè wá, àwọn fẹ́ rí ojú mi. Bodè tí a ní wọ́n tì yìí, inú igbó ni gbogbo ayé ń gbà kọjá. Ìyá oníràísì ilé kejì wa ń lọ, ó ń bọ̀, bí ẹni ń lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èmi bẹ̀rù tó aṣọ ìjọba. Ẹni tó ń wá ka mítà iná pàápàá, tó bá ti wọ kakí, n óò kọ́kọ́ ṣí fìlà fún un. A sì ń gbọ́ pé ìbọn ń dún lọ́nà ibẹ̀.

Ìdájí ọjọ́ tó yẹ kí n gbéra ni mo lá àlá. Ajá ńlá kan dùbúlẹ̀ dí ojú ọ̀nà, ohùn kan sì ní, "Padà. Tó o bá kọjá, o gbé." Mo jí, òógùn bò mí. Mo sọ fún ìyàwó mi pé Olúwa ti sọ̀rọ̀.

"Olúwa ni àbí fùfú alẹ́ àná? Ṣé ẹ rí ojú ẹni tó sọ ọ́?"

"Ohùn ni mo gbọ́."

"Ohùn yẹn ò ṣáà jọ tiyín, Bàbá ilé?"

Mo ní aláìgbàgbọ́ ni. Mo tú báàgì mi, mo sì ní kí ìyá oníràísì bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Ọlọ́run sọ lójú àlá pé kí n má wá. Obìnrin náà dá mi lóhùn.

"Ọlọ́run yín mà fẹ́ràn yín o. Tèmi kì í sọ nǹkan kan. Ó kàn ń mú mi lọ, ó ń mú mi bọ̀ ni."

Ìyẹn náà kò tó mi í gbọ́n. Ìdúpẹ́ ni mo lọ ṣe.

Ẹ̀gẹ́ ni mo ń bó lọ́jọ́ tí wọ́n wá túfọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Mo ń bó o lọ. Ó dà bí ìgbà tí dókítà bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kó tó yọ eyín rẹ̀: o mọ̀ pé wọ́n ń fa nǹkan yọ, kò kàn dùn ọ́ ni. Wọ́n ti sin wọ́n tán kí n tó tẹ̀ lé ìyá oníràísì gba inú igbó lọ sí Kétu. Kò sí ajá lọ́nà. Aṣọ́bodè kan ṣoṣo tí a pàdé ń jẹ àgbàdo sísun. Ó ní, "Bàbá, ẹ rọra o, ilẹ̀ ń yọ̀."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé àpótí ìjókòó fún mi, ó bu omi fún mi. Mi ò fẹ́ béèrè ohun tí ìyá rẹ̀ wí nígbà tí iṣẹ́ tí mo rán dé etí wọn, ṣùgbọ́n mo béèrè.

Mo ṣì ń lá àlá. Bí Bàbá Ìjọ bá wàásù pé Ọlọ́run ń fi àlá sọ̀rọ̀, mo ń ṣe àmín, ó sì dá mi lójú. Àmọ́ tí mo bá ti jí, ọ̀rọ̀ tí ọmọ yẹn fi dá mi lóhùn ni mo fi ń wọ̀n ọ́n wò.

"Ẹ̀rín ni wọ́n rín," ó ní. "Wọ́n ní áńgẹ́lì tó wá bá Jósẹ́fù lójú àlá, 'má bẹ̀rù' ló kọ́kọ́ sọ. Nígbà tó tún padà wá, ó ní kó dìde, kó kọjá sí Íjíbítì. Wọ́n ní èyí tó wá bá àbúrò àwọn ní kó máa bẹ̀rù, ó tún ní kó jókòó. Wọ́n ní kí ẹ bi í léèrè ẹni tó rán an."