Wọ́n Ní Mo Kó Àrùn Wọlé

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ síta, bóyá inú tó ń bí mi á rọ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ obìnrin ni o. Ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kó jẹun tán ná.

Mo ra ọṣẹ olóòórùn kan lọ́jà Odò-Ọrì, mo ń fi fọ abẹ́, èmi náà fẹ́ máa ta sánsán. Nígbà tó yá, ojú ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo sọ fún ọkọ mi. Ṣé ẹ mọ ibi tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ? Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀ tá a jọ ń gbélé.

Màmá ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní ínfẹ́kṣọ̀n ni, pé obìnrin tó bá jókòó jẹ́ẹ́ sílé ọkọ ẹ̀ kì í ní in. Kí ló tún kù? Alágbèrè ni wọ́n pè mí yẹn, wọn ò kàn fẹnu bà á ni.

Wọ́n wá ra kẹ́tù ìṣanra ọ̀tọ̀ fún mi, pé mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan tiwọn nílé ìyàgbẹ́ mọ́. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á da apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ sí i, wọ́n á tún po álọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Tí mo bá tọ̀ tán, òun ni mo gbọ́dọ̀ fi ṣanra. Ó ń ta mí bí ata lójú egbò. Tí mo bá ń sunkún, wọ́n á ní àrùn ló ń jà, kò fẹ́ lọ.

Ọkọ mi kó lọ sùn sí pálọ̀. Ó ní tí kò bá san kí ààwẹ̀ tó dé, òun á dá mi padà fún bàbá mi ní Kuta.

Nígbà tí mi ò lè jókòó dáadáa mọ́, mo dá gba ọsibítù lọ. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ mí wò, wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọn ò rí àrùn kankan. Ó wá bi mí pé kí ni mo fi ń fọ ibẹ̀. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Ó ní ọṣẹ yẹn ló kọ́kọ́ fa yíyún, pé omi tí wọ́n ní kó wò mí sàn ló wá bó mi lára. Ó fún mi ní ìpara, ó ní omi lásán ni kí n máa lò.

Mo gbé èsì àyẹ̀wò fún ọkọ mi. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó wá ní kí n lọ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá, pé ire ni wọ́n fẹ́ fún mi.

Ire! Ta ló fẹ́ bẹ èmi tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́?

Mi ò kúnlẹ̀. Mo ní kó má wulẹ̀ dá mi padà, mo mọ ọ̀nà Kuta. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ó ń pè mí lójoojúmọ́, mi ò gbé e.

Ẹ̀yin obìnrin, kì í ṣe gbogbo abẹ́ tó ń yún ló ní àrùn, kì í sì í ṣe gbogbo àrùn ni àgbèrè ń fà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ yín wò kí ẹ tó gba ohunkóhun fi fọ ọ́. Ta ni wọ́n ti fi irú ẹ̀ kàn rí? Ẹ sọ tiyín, mo fẹ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wá sọ fún mi pé kí n ní sùúrù, kó kọ́kọ́ fi apakòkòrò fọ tiẹ̀ ná.